Eérú Ọjọ́ Ìsinmi

Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń dáná. Kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, omi ti hó lórí ààrò mi. Àwọn ọmọ ìjọ tí ìgbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná lára wọn máa ń wò mí níwòkuwò, ọ̀kan tiẹ̀ ti wá bá mi sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó rò pé mi ò mọ òfin. Mo mọ òfin. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé èmi gan-an ni wọ́n fi ń ṣọ́ òfin náà, ó sì ń rí mi lára títí di òní.

Ìgbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ẹdẹ kọjá ni mò ń wí, tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàṣẹ fún àwọn àgbà ìlú. Àwa onígbàgbọ́ ò pọ̀. A ò kún ilé ìsìn alámọ̀ tí a kọ́ dé ìdajì. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ jù wá lọ, àwọn olórìṣà pọ̀ jù wá lọ, a wá ń wá ohun tí a ó fi yàtọ̀ tí gbogbo ayé á fi rí wa. Iná la rí mú. Wọ́n ní onígbàgbọ́ tòótọ́ kì í dáná lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kó ti se oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kọ tútù àti ọbẹ̀ tó ti dì la ń jẹ, a sì ń dúpẹ́.

Kí òfin náà lè múlẹ̀, Ìyá Ìjọ, ìyẹn olórí àwa obìnrin, yan ọmọge mẹ́ta pé kí a máa lọ yẹ ààrò àwọn ará wò láàárín agogo àkọ́kọ́ àti ìkejì. Mo wà nínú wọn. Mi ò tíì pé ọdún kan tí mo ṣèrìbọmi, mo lè ka ìwé Jòhánù láìkọsẹ̀, mo sì rò pé mo ti débẹ̀. Ọwọ́ la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. A ó ki àtẹ́lẹwọ́ bọ inú eérú dé ọrùn ọwọ́. Eérú àná máa ń tutù lókè, kó lọ́ díẹ̀ nísàlẹ̀, àmọ́ eérú àárọ̀ a máa ta èèyàn. Ojú ń ti àwọn méjì yòókù, ojú ò ti èmi. Wọ́n ní ọwọ́ mi kì í parọ́, mo sì ń fi yangàn. Ẹ wo ohun tí èèyàn ń fi yangàn! Mo rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń fún mi ní ìfòyemọ̀, àtẹ́lẹwọ́ lásán ni.

Ìyá Aláró ń gbé lẹ́yìnkùlé wa. Aró ni wọ́n ń rẹ, ọkọ wọn ti kú, àwọn àti ìyá ọkọ wọn nìkan ló kù nínú ilé náà. Ìyá àgbà yìí kì í ṣe onígbàgbọ́, Ọ̀ṣun ni wọ́n ń bọ, ó sì ti pẹ́ tí a ti rí wọn níta gbẹ̀yìn. Ìyá Aláró ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí bàbá mi ní òun á lé mi lọ sí oko Alájùẹ́ bí mo bá tún débẹ̀, Ìyá Aláró ló wá kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Ìka wọn tí aró ti sọ di dúdú ni wọ́n fi kọ A, B, D sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún mi. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe sí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan nínú ọyẹ́, mo ki ọwọ́ bọ ààrò wọn, mo sì fà á yọ kíá. Ogunná ṣì wà lábẹ́ eérú. Mo wò wọ́n. Wọ́n ní òótọ́ ni, àwọn dáná. Mo ní kí ni wọ́n fi ṣe. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú ilé ni, kí n máa lọ kí agogo kejì má bàa bá mi lọ́nà. Inú bí mi. Eérú wà lára ohun tí àwọn aláró fi ń po aró, mo bá parí rẹ̀ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ajé ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ Olúwa. Mo lọ sọ. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìjọ pè wọ́n. Wọ́n dúró níwájú, wọ́n ní lóòótọ́ làwọn dáná. Olùkọ́ ìjọ, tó ń bá wa darí ìsìn, bi wọ́n ní ìdí, wọn ò sọ. Ó ní kí wọ́n ṣèlérí níwájú gbogbo wa pé àwọn ò ní dáná mọ́, wọ́n ní àwọn ò lè ṣe ìlérí yẹn. Bí ìjọ ṣe dá wọn dúró nídìí Oúnjẹ Olúwa nìyẹn, tí wọ́n ní kí wọ́n máa jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn tí kò tíì ṣèrìbọmi. Ìyà ńlá ni. Àlùfáà òyìnbó tó ń fún wa ní Oúnjẹ Olúwa, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń bá rélùwéè wá lọ́dún, Ìyá Aláró sì máa ń ka ọjọ́ ni. Oṣù kan ṣáájú ni wọ́n ti ń fọ aṣọ funfun wọn sílẹ̀. Bí wọn ò bá ṣèlérí kí àlùfáà tó dé, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nínú ìpàdé àwọn obìnrin, mo gbàdúrà sókè pé kí Olúwa rọ ọkàn tó ti yigbì láàárín wa. Gbogbo èèyàn mọ ẹni tí mò ń bá wí. Ìyá Aláró náà mọ̀, wọ́n sì ṣe àmín sí i. 

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àlùfáà dé, mo pinnu pé èmi ni mo máa gba ọkàn wọn là. Mo jí ní kùtùkùtù ọjọ́ Ìsinmi, mo rọ omi sínú akèrègbè, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn, ìkòkò omi wà lórí rẹ̀, omi náà ò tíì lọ́. Kò sí aró níbẹ̀, kò sí aṣọ rírẹ, mi ò sì bi ara mi pé kí ló dé. Mo da omi sí i. Eérú fò bò mí lójú. Mo da èyí tó kù sórí igi ìdáná tó wà nílẹ̀ kó má bàa tún ràn.

Ìyá Aláró jáde. Wọ́n wo ààrò, wọ́n wò mí. Mo ti há ẹsẹ̀ Bíbélì méjì sórí dè wọ́n, wọn ò dúró gbọ́ ọ. Wọ́n gbé ìkòkò omi tútù náà wọlé, mo sì tẹ̀ lé wọn, torí mo fẹ́ rí ibi tí wọ́n kó aró pamọ́ sí.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Ìyá àgbà wà lórí ẹní, apá kan ara wọn ti kú. Wọ́n ti ṣu sára, wọ́n ti tọ̀ sára, ó ti gbẹ mọ́ wọn nítan. Èébì gbé mi, mo fi ìborùn bo imú. Wọ́n yíjú, wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

“Ta nìyẹn?” ni wọ́n bi ìyàwó ọmọ wọn. “Ṣebí o ní o ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi báyìí.”

Ìyá Aláró kúnlẹ̀ ti ẹní. Wọ́n ki kànrìnkàn bọ omi. Ọyẹ́ ọjọ́ yẹn ń la ètè. Nígbà tí omi kan ìyá àgbà, gbogbo ara wọn gbọ̀n, wọ́n sì di ọrùn ọwọ́ ìyàwó ọmọ wọn mú.

“Omi gbígbóná mi ńkọ́?”

“Ẹ má bínú, ìyá. Iná ló kú.”

Ìyá Aláró ò sọ ẹni tó pa á.

Mo sáré jáde, mo lọ bì sẹ́yìn ògiri. Mo kọ́kọ́ rò pé ìgbẹ́ ló kó mi nírìíra. Mi ò tíì fọ ẹnu tán tí mo fi mọ̀ pé èmi fúnra mi ni. Ṣíọ̀! Ìfòyemọ̀ tí mò ń wá kiri nínú eérú ará ìlú, obìnrin tí a lé sẹ́yìn ló ní in. Òun ló ti dàgbà nínú Olúwa. Ó gba bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, ó gba àdúrà ẹ̀gàn mi, kí ìhòòhò arúgbó kan má bàa di ọ̀rọ̀ ìpàdé.

Nígbà tí wọ́n bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, mo ní ààrò Ìyá Aláró tutù. Òótọ́ sì ni. Ìyá Ìjọ dì mọ́ mi. Mo lè jẹ́wọ́ pé èmi ni mo pa iná náà, mi ò jẹ́wọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé àṣírí ìyá àgbà ni mò ń bò. Àṣírí ara mi ni.

Ikọ́ mú ìyá àgbà lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì kú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn kan ní ọjọ́ ogbó ni. Mo mọ ohun tí mo mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ààrò Ìyá Aláró tutù lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó tutù ní ìkejì. Ìyá Ìjọ fúnra wọn wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń sọ káàkiri pé àdúrà mi ló gbà. Bí àlùfáà òyìnbó ṣe dé, wọ́n mú Ìyá Aláró kúrò lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, wọ́n mú wọn wá síwájú nínú aṣọ funfun, pé kí wọ́n jẹ́rìí kí wọ́n tó jẹ Oúnjẹ Olúwa. Olùkọ́ ìjọ ní kí wọ́n sọ ohun tó mú kí wọ́n jáwọ́ nínú iná dídá. Iwájú pátápátá ni mo jókòó sí. Wọn ò wò mí.

“Kò sí ẹni tí mo máa dáná fún mọ́,” ni wọ́n wí.

Ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ohùn mi sì ròkè ju ti gbogbo wọn lọ.