Téèpù Tí Bàbá Mi Kò Lẹ̀

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí a sin bàbá mi.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ nílé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, ní yàrá ìwé àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ohun tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ kọ ló wà níbẹ̀: bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́, ẹni tó ṣàìsàn, ẹni tó bómi lọ. Tí ìwé bá ya, bàbá mi á fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú àtè tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sè. Wọ́n á wá kọ orúkọ wọn sínú ìwé àtúnṣe. Bàbá Alátè là ń pè wọ́n níbi iṣẹ́. A máa ń sọ pé tí wọ́n bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, o ò ní rí ọwọ́ ẹ gbà mọ́.

Èmi náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mò ń gbé àpótí ìwé. Lọ́jọ́ tí bàbá mi lọ fojú han dókítà, ìwé kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ojú ewé kan ya. Ẹ̀rù bà mí. Mo fi téèpù ọ́fíìsì lẹ̀ ẹ́ wéré, mo dá a padà.

Lẹ́yìn ọdún kan, téèpù yẹn ti pọ́n. Nígbà tí ọ̀gá wa obìnrin yọ ọ́, yíǹkì bá a lọ. Orúkọ àwọn atukọ̀ mẹ́ta tó kú sómi parẹ́.

“Ta ló ṣe èyí?”

Bàtà mi ni mò ń wò. Bàbá mi wò mí.

“Èmi ni, mà. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́.”

“Bàbá Alátè, ẹ̀yin? Téèpù?”

“Ẹ má bínú, mà.”

Ni wọ́n bá gbé bàbá mi lọ sẹ́nu géètì, kí wọ́n máa kọ orúkọ àlejò. Àwọn dírẹ́bà ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: “Bàbá Téèpù, ẹ má lẹ̀ wá mọ́ géètì o.” Bàbá mi á rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀ ni mò ń gba ibẹ̀ kọjá.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Káàárọ̀, ọkọ mi. Ṣó o ti jẹun?”

Wọn ò sọ ọ́ títí wọ́n fi kú. Èmi náà ò sọ ọ́.

Lánàá, mo kanlẹ̀kùn ọ̀gá.

“Mà, èmi ni mo lẹ téèpù yẹn.”

“Bàbá ẹ mọ̀?”

“Wọ́n mọ̀, mà.”

Ọ̀gá gbé ìwé àtúnṣe síwájú mi. Orúkọ bàbá mi ló wà níwájú téèpù yẹn, àfọwọ́kọ wọn gangan, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ní àwọn ni. Mo ní kí ọ̀gá jẹ́ kí n fagi lé e.

“A kì í pa nǹkan rẹ́ níbí. Kọ tìẹ sábẹ́ ẹ̀.”

Mo kọ ọ́. Ìkọ̀wé mi wọ́. Ọ̀gá ní kí n máa lọ sílé, àwọn á ránṣẹ́ pè mí.

Mo gba ẹnu géètì jáde. Àga wọn ṣì wà níbẹ̀. Mi ò lè wò ó.