Aago Màmá Lọ́wọ́ Moróunkẹ́

Bí ènìyàn bá bi Moróunkẹ́ léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ohun tó máa ń sọ ni pé òun ń bá àwọn kan tọ́jú ìyá wọn. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Jericho, níbi tó ti ń tún ibùsùn àwọn aláìsàn ṣe, tó sì ń wẹ̀ fún wọn, kí àwọn tó ni ilé ìwòsàn náà tó sọ pé àwọn kò fẹ́ ẹni tí kò níwèé ẹ̀rí mọ́. Ohun méjì ló kọ́ níbẹ̀. Ó kọ́ bí a ti ń yí aláìsàn padà lórí ibùsùn láìjẹ́ pé ara ń ro ó. Ó sì kọ́ bí a ti ń dá àwọn ẹbí aláìsàn lóhùn láìsọ nǹkan kan fún wọn. Èkejì yìí ló wúlò fún un jù láyé.

Àpáta ló ń gbé, òun àti àwọn ọmọ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Kí àkùkọ tó kọ ló ti máa ń wà nídìí iná. Bó bá ti gbé oúnjẹ àwọn ọmọ kalẹ̀, á wọ ọkọ̀ lọ sí Dugbe, á tún wọ òmíràn láti ibẹ̀ lọ sí Bodija, níbi tí Màmá Adésànyà ti ń dúró dè é lórí ibùsùn, nítorí pé Màmá kò lè dá dìde mọ́.

Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ló ń gbé nítorí orúnkún, àwọn ayálégbé sì wà lókè. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì jẹ́ Ìyá Ìjọ ní ìjọ Aládùúrà kan ní Agbowo. Nígbà tó ń wá ọmọ tí kò rí, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ pé bí Ọlọ́run bá lè ṣe é, ohun dúdú kò ní kan ara òun mọ́ títí òun yóò fi kú. Ọlọ́run ṣe é, ó bí Fikáyọ̀, Màmá náà sì mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ. Gèlè rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ funfun, agboòrùn rẹ̀ funfun. Nígbà tí dókítà fún un ní ọ̀pá ìtìlẹ̀ dúdú, kò jẹ́ kí wọ́n gbé e wọ yàrá òun títí ẹni tó ń kun ilé fi kùn ún ní ọ̀dà funfun.

Fikáyọ̀, tí ìyá rẹ̀ ń pè ní Àkànó, wà ní Manchester. Ó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti ń gbọ́ láti kékeré, etí kì í gbọ́ ọ mọ́. Ó ra aago ọwọ́ kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, irú èyí tí ojú rẹ̀ dà bíi ti fóònù, ó sì ra fóònù kún un. Aago náà yóò máa ka bí ọkàn Màmá ti ń lù, ìṣísẹ̀ tó rìn àti oorun tó sùn. Yóò sọ fún fóònù, fóònù yóò sì sọ fún un ní Manchester. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ lórí fóònù náà, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Màmá gbàdúrà fún un títí dátà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Nígbà tí ojú Fikáyọ̀ kúrò lórí fóònù, Màmá fi ọ̀pá funfun ti páálí aago náà sọ́dọ̀ Moróunkẹ́.

"Gbé e."

"Màmá, ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa wọ̀ ọ́."

"Mo gbọ́. Ṣé funfun ni?"

"Dúdú ni, mà."

"Ìwọ náà rí i."

"Ṣé kí n sọ fún bọ̀dá?"

"Ọmọ tí mo fi ẹ̀jẹ́ bí, kí n wá máa sọ fún un pé ẹ̀bùn rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn? Gbé e sínú dúrọ́ọ̀."

Kò pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀. Fikáyọ̀ pè lọ́jọ́ kejì pé aago ní kò sí ọwọ́ ènìyàn nínú òun. Màmá wo Moróunkẹ́, Moróunkẹ́ wo ilẹ̀.

"Fi sọ́wọ́ tìrẹ, má sì bọ́ ọ bó o bá délé," Màmá sọ lẹ́yìn ìpè náà. "Kí ọkàn ọmọ mi lè balẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni. Á gbàgbé."

Fikáyọ̀ kò gbàgbé. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ló ń pè láti ka ara ìyá rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, Moróunkẹ́ á dúró lẹ́yìn àga, ọwọ́ á wà lábẹ́ ìró.

"Mọ́mì, ẹ rìn lọ́sẹ̀ yìí ju èmi lọ!"

"Ògo ni fún Ọlọ́run."

"Ọkàn yín ń lù bíi ti ọ̀dọ́. Mo fi han ìyá ìyàwó mi, ó ní kí n bi yín léèrè ohun tẹ́ ẹ̀ ń jẹ."

"Ẹ̀fọ́ ni kó o sọ fún un."

"Ẹyọ nǹkan kan ló kù: ẹ kì í sùn tó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá ni ẹ ti ń rìn kiri."

"Àdúrà ni, Àkànó."

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ títí di Sátidé kan tí Fikáyọ̀ ní kí Moróunkẹ́ bọ́ síwájú.

"Àǹtí Moróunkẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Wàhálà yín kò já sásán. Ẹ wo bí ara Mọ́mì ti le. Mo rò ó pé tí oṣù yìí bá parí, kẹ́ ẹ lọ sinmi. Ẹni tó máa fọṣọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ á tó."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Moróunkẹ́ wí.

Ó rò ó nínú ọkọ̀ títí ó fi dé Àpáta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ ẹnu ti lé kúrò níbi iṣẹ́. Ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn títí tó fi rìn jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ti ń gbé Màmá dìde, tí Màmá di ọrùn rẹ̀ mú bí ọmọ ọwọ́, ó ní:

"Màmá, ta ni yóò máa gbé yín báyìí?"

Màmá fi ojú júwe ọ̀nà pálọ̀ fún un. Ọ̀nà náà kò jìn, síbẹ̀ wọ́n ní láti dúró mí kí wọ́n tó dé àga.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún bọ̀dá."

"Kí o sọ pé kí ni? Pé irọ́ ni Ìyá Ìjọ ń pa? Ó ti fi mí yangàn fún àwọn àna rẹ̀."

"Èmi náà ní àwọn ọmọ tí mò ń bọ́, mà."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí, ó sì ní kó gbé abẹ́rẹ́ ṣúgà òun wá.

Moróunkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́. Wọ́n júwe baba kan fún un ní Ring Road, tó máa ń sọ abọ́ lu ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá. Ó lọ wò ó. Abọ́ náà bà á.

Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, bí oòrùn ti ń gun àárín ọ̀run, Màmá ní iyán ni òun fẹ́.

"Iyán kẹ̀? Màmá, dókítà ní ẹ ò gbọdọ̀—"

"Ṣé dókítà ni mo ní kó gún un? Gbé odó sábẹ́ fèrèsé yìí. Má gbé e jìnnà."

Moróunkẹ́ se iṣu, ó gbé odó sábẹ́ fèrèsé pálọ̀, ó sì kó ìbínú oṣù náà lé ọmọ odó. Ó ń gún un lọ nígbà tó gbọ́ tí fóònù ń dún nínú ilé. Ó fẹ́ sáré wọlé, nítorí Màmá kì í mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Màmá tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀.

"Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe?" Ohùn Fikáyọ̀ jáde lójú fèrèsé.

"Mo jókòó. O ò rí mi ni?"

"Mo rí yín. Ṣùgbọ́n aago ní ọkàn yín ń sáré. Ó ń sáré gan-an! Àyà ń dùn yín ni?"

"Àyà kankan ò dùn mí."

"Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè kí n rí i."

Moróunkẹ́ yọjú. Màmá ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń súre fún ìjọ, apá aṣọ funfun sì ṣubú sí ìgúnpá. Kò sí nǹkan kan lọ́rùn ọwọ́ náà.

"Kí ló ń dún níta lẹ́ẹ̀kan?"

"Odó ni. Moróunkẹ́ ló ń gúnyán."

Fikáyọ̀ tún wo ohun tí aago ń kà. "Ọkàn náà ti ń rọlẹ̀," ló wí. "Mọ́mì, ẹ ní kí wọ́n máa gún un lọ."

"Moróunkẹ́! Bọ̀dá rẹ ní kó o máa gún un lọ!"

Kí ni ó kù tó fẹ́ ṣe? Moróunkẹ́ gbé ọmọ odó.

"Ó ti tún ń sáré," ni Fikáyọ̀ wí. "Ó tó."

Wọ́n pè é wọlé. Ó kúnlẹ̀ níwájú fóònù, iyán lọ́wọ́, aago lọ́rùn ọwọ́.

"Àǹtí, láti ìgbà wo?"

Moróunkẹ́ wá ìdáhùn tó kọ́ ní Jericho, kò rí i. Ó wo Màmá. Fáànù òkè àjà ni Màmá ń wò, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bi.

"Láti ọjọ́ tó ti dé, sà. Ẹ má bínú."

"Nítorí kí ni?"

"Àkànó," Màmá dá sí i, "wo ara mi. Kí lo rí?"

Ó wò ó. Ó wo gèlè, ó wo aṣọ, ó wo ọ̀pá.

"Mọ́mì, dúdú ni mo rà."

"Èmi ò sọ nǹkan kan o."

"Funfun wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"O ò bi mí."

Ó fọwọ́ nu ojú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, Moróunkẹ́ ló kọjú sí. "Ẹni tí kì í sùn yẹn, ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni, sà. Àpáta ni mò ń gbé."

Kò sí ẹni tó tún sọ pé kí Moróunkẹ́ lọ sinmi lópin oṣù. Màmá ní kí Moróunkẹ́ gbé iyán lọ jẹ, iyán kò wu òun.

Aago funfun dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Màmá sì gbàdúrà sí i kó tó wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Fikáyọ̀ pè pé ó ti bàjẹ́, pé ìṣísẹ̀ tó kà kéré jù. Moróunkẹ́ ní kò bàjẹ́. Ó sọ fún un bí ibùsùn ti jìn sí pálọ̀ tó, àti ibi tí wọ́n ti ń dúró mí. Fikáyọ̀ ní kí Moróunkẹ́ máa dúró títí oòrùn yóò fi yọ kó tó kúrò ní Àpáta, kí ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé máa po tíì àárọ̀ fún Màmá.

Títí di òní, bó bá ti ka ara ìyá rẹ̀ tán ní Sátidé, ó máa ń béèrè pé, "Àǹtí, ẹ sùn dáadáa?"

"Mo sùn dáadáa, sà," ni Moróunkẹ́ máa ń sọ. Kò sí aago lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ tó lè sọ ohun mìíràn.