Iṣẹ́ Tí Ìyá Àgbà Rán Mi Sí Inísà

Gèlè ìyá àgbà ni mo wé sórí lọ́jọ́ náà. Mo lé tìróò, mo gbé kúlà oúnjẹ wọn, mo ń yan kiri àgbàlá, bàbá mi àtàwọn àbúrò wọn ń rẹ́rìn-ín. Ni mo bá fi ohùn ìyá àgbà sọ pé, "Olówó orí mi, ẹ jẹun kó má tutù." Ẹ̀rín bàbá mi dá. Èmi ni mo jẹ̀bi, torí nínú gbogbo ilé wa ní Òkukù, èmi nìkan ni mo mọ ibi tí ìyá àgbà ń gbé oúnjẹ lọ.

Opó ni ìyá àgbà, tipẹ́tipẹ́. Láràárọ̀ Sátidé, ègbo wọn ló ń jí mi: àgbàdo á máa hó gùdùgùdù nínú ìkòkò, èéfín igi á gba yàrá kan. Wọ́n á rò ó títí á fi rọ̀ bí òwú, nítorí bàbá télọ̀ kan ní Inísà, tí ìyàwó wọn ti kú, kò léyín iwájú mọ́. Èmi àti ìyá àgbà la jọ máa ń lọ.

"Ègbo yìí mà tún le o!" ni bàbá télọ̀ á wí.

"Ẹnu yín ló le, ègbo kọ́."

Wọ́n á wá jọ rẹ́rìn-ín. N ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu ìyá àgbà nílé wa rí.

Lọ́jọ́ tí mo wé gèlè yẹn, bàbá mi yíjú sí ìyá àgbà. "Ẹ̀yin ìyá! Lọ́jọ́ orí yín yìí? Ṣé ebi ń pa yín nílé yìí ni?"

Ìyá àgbà dìde. Wọ́n tú gèlè lórí mi, wọ́n fi etí rẹ̀ nu tìróò ojú mi. "O kúkú mọ̀ ọ́n ṣe," ni wọ́n wí.

Sátidé tó tẹ̀lé e, wọn ò dáná. Wọ́n fún mi lówó ọkọ̀. "Lọ sọ fún bàbá pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Bí wọ́n bá ráàyè, kí wọ́n wá."

Pápá ni mo lọ, mo lọ gbá bọ́ọ̀lù. Nírọ̀lẹ́ wọ́n bi mí: "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kò burú."

"Kò burú nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n mi orí. "Kò burú náà ni."

Síbẹ̀, wọ́n ń gbé àpótí síbi tí wọ́n ti lè rí títì, Sátidé dé Sátidé. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó títí wọ́n fi papò dà.

Ọ̀kadà ni mo ń gùn báyìí, Òkukù sí Ìkìrun. Bàbá télọ̀ ṣì ń jókòó níta ṣọ́ọ̀bù ní Inísà; ọmọ wọn ló ń ránṣọ. Lọ́jọ́ kan mo já èrò síwájú wọn. Wọ́n wò mí títí. "Ojú yìí jọ ojú ẹnì kan."

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, bàbá," ni mo wí, mo ṣáná sí ọ̀kadà.

Ìyá àgbà ti lọ, n ò rí wọn bẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bàbá yìí á máa rò pé ńṣe ni wọ́n kọ òun sílẹ̀ láìdágbére. Iṣẹ́ wọn ṣì wà lọ́rùn mi: pé ẹsẹ̀ ń dun ìyá, pé kí wọ́n wá.