Bí Mo Ṣe Gun Kẹ̀kẹ́ Dé Etí Odò

Baba mi gun kẹ̀kẹ́ ológeere nítorí pé kò lówó ọkọ̀. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ní ọkọ̀, wọ́n tún wá fi ọkọ̀ náà gbé kẹ̀kẹ́ wá láti Èkó kí wọ́n lè gùn ún nínú oòrùn Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní fàájì ni. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ra òógùn, ẹ jẹ́ kó rà á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń kó wọn jọ. Tíṣà ni, ó sì fẹ́ràn ìtàn ju oúnjẹ lọ. Á kó wọn láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ sí etí odò Ọ̀ṣun, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ, á máa fi ibi tí àwọn baba wa ti ń kó epo àti aṣọ sínú ọkọ̀ ojú omi hàn wọ́n. Ẹja gbígbẹ ni èmi ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, etí odò yẹn gan-an ni mo sì ti ń rà á láti nǹkan bí ogún ọdún. Ìdí nìyẹn tó fi wá sí ìsọ̀ mi pé kí n wá mú wọn lọ́nà.

Ìyá elépo, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, kò jẹ́ kí ọmọ náà sọ̀rọ̀ tán.

"Inú ọkọ̀ ni kí o fi ìyá ẹléja sí, pẹ̀lú ìkòkò ìkọ́kọrẹ́," ó ní. "Kẹ̀kẹ́ wo ló fẹ́ gbé ìdí yẹn?"

"Ìdí tìẹ ńkọ́?" ni mo dá a lóhùn. "Mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ baba mi lọ sí etí odò nígbà tí ikun ṣì ń ṣàn nímú ìwọ."

Irọ́ ni. Mi ò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé mi. Títì ni mo máa ń tì í. Baba mi á di àpò gàrí méjì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, òun á di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú níwájú, èmi á máa tì í láti ẹ̀yìn títí dé odò. Bí a bá ta gàrí tán, òun á gun kẹ̀kẹ́ padà sílé, èmi á máa sáré tẹ̀ lé e bí ajá ọdẹ.

Ìyá elépo wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Èmi náà mọ̀ ọ́n gùn, mo sì ń bá yín lọ. Bí o bá gun kẹ̀kẹ́ dé etí odò, mo ti panu mọ́. Bí o kò bá gùn ún, Ìyá Onírọ́ ni gbogbo ìsọ̀ yìí á máa pè ọ́."

Àwọn tó wà nítòsí pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n kà á sí, ṣùgbọ́n inú mi bà jẹ́ díẹ̀. Ní ọjà wa, orúkọ tí wọ́n bá sọ ẹ́ lónìí, òun ni wọ́n á fi sin ẹ́. Ẹléja tí wọ́n bá sì ń pè ní onírọ́, ta ló máa gbà á gbọ́ pé kò sí kòkòrò nínú ẹja rẹ̀?

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo rí nǹkan. Ọkùnrin kan tó ti ìlú òyìnbó dé wọ ṣòkòtò péńpé kan tó lẹ̀ mọ́ ọn nídìí bí ewé ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ. Àwọn obìnrin nọ́ọ̀sì mẹ́ta wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti Odogbolu tí ikùn wọn ń ṣáájú wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní kẹ̀kẹ́ pupa kan àti akoto. Akoto kò wọ orí gèlè, mo bá tú gèlè, mo fi gbàjá.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú o," ó ní.

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tì í jáde nílùú ná, nítorí àwọn àgbà."

Mo ti ro ó láti ilé. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í kí àgbà lórí kẹ̀kẹ́. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó tó máa lọ. Ọ̀nà tuntun kan wà tó lọ tààrà sí odò, kò sí ilé níbẹ̀. Mi ò gba ibẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ ni mo mú wọn gbà, níbi tí àgbà kan ti jókòó síwájú ilé kọ̀ọ̀kan, tí mo sì mọ gbogbo wọn.

Bí wọ́n bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ báyìí, màá kígbe, "Bàbá ń bẹ níwájú o! Ẹ bọ́ sílẹ̀!" Gbogbo wọn á bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin ìlú òyìnbó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ṣòkòtò rẹ̀ dún fàà. Láti ìgbà náà, ó ń fi ọwọ́ kan bo ẹ̀yìn kí àgbà. Àwọn bàbá náà ò sì jẹ́ ká tètè lọ. "Ọmọ ta ni yín?" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìbéèrè yẹn kì í ní ìdáhùn kúkúrú ní Ìjẹ̀bú.

"Àǹtí," ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rọra sọ fún mi, "ó dà bíi pé ọ̀nà yìí jìn o."

"Ṣebí ìtàn lo ní o fẹ́ fi hàn wọ́n? Ìtàn náà ló jókòó síwájú ilé yẹn."

Níbì kan, ó dá wa dúró létí yàrà àtijọ́ kan tí igbó ti bò, ó ń ṣàlàyé bí àwọn baba ńlá wa ṣe gbẹ́ ẹ. Wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi ní tèmi, ohun tí mo rántí ni pé ibẹ̀ la máa ń yà sí nígbà tí inú bá ń run wá. Mi ò sọ. Kí n má ba fọ́tò jẹ́.

Ìgbà tí a kúrò níbẹ̀ ni ìyá elépo sún mọ́ mi.

"Ìyá ẹléja, láti òwúrọ̀ ni mo ti ń wo ìdí rẹ. Kò tíì kan ìjókòó kẹ̀kẹ́ yẹn."

"Ìdí mi ni wọ́n ní kí o wá wò lónìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn ilé ti fẹ́ tán."

Òótọ́ ló sọ. Lẹ́yìn ilé tó kẹ́yìn, ọ̀nà náà lọ gbọọrọ láàárín oko ẹ̀gẹ́, títí dé ibi tí omi ti ń dán. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ewúrẹ́ àgbàlagbà kan pàápàá kò sí níbẹ̀ tí mo lè ní ká kí. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò mí.

"Ó yá, gùn ún," ìyá elépo wí. "Àbí kí n di ìdí kẹ̀kẹ́ mú fún ọ?"

Mo gùn ún. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá elépo ti tì mí. Ó fẹ́ kí n ṣubú ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ náà gbé mi. Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó sì ń lọ! Atẹ́gùn wọ inú bùbá mi. Mo ní háà, èyí ni baba mi ń dá jẹ nígbà tó ń fi mí sílẹ̀ kí n máa sáré lẹ́yìn? Ọkùnrin yẹn ò ṣe dáadáa.

Bí odò ṣe ń sún mọ́ ni mo rántí pé kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dúró. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé abẹ́ ìka mi gan-an ni búréèkì wà. Ta ló bèèrè lọ́wọ́ ìka?

Etí omi ni ìyá arúgbó tí mo ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ jókòó sí, ó ń họ ẹja. Kò sí ẹni tó dàgbà tó o ní etí odò yẹn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá!" ni mo kígbe. "Ẹ má bínú, mi ò lè bọ́ sílẹ̀!"

Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wìì, ó di inú odò. Ibi tí ẹrẹ̀ ti gba táyà mú ni mo bọ́ sílẹ̀ sí. Mo yí padà, mo kúnlẹ̀ nínú omi, ó mù mí dé àyà.

Ìyá gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹléja Ìjẹ̀bú-Òde kọ́ nìyẹn? Ó ti dé ibi tí wàá máa kí mi láti òkè?"

"Mo kúnlẹ̀, Ìyá."

"Lẹ́yìn tí o ti kọjá mi!"

Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, ìyá elépo ti ṣubú lulẹ̀ láàárín oko ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rín ló gbé e ṣubú.

Ó mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ, mo gbà fún un. Nígbà tí a padà sọ́jà, ó sọ fún gbogbo ìsọ̀ pé mo gun kẹ̀kẹ́ dé etí odò, pé mo tilẹ̀ gùn ún kọjá etí odò. Kò sí ẹni tó pè mí ní onírọ́. Ohun tó dùn wọ́n ni ti ìkíni. Àwọn ìyá tó ń ra ẹja lọ́wọ́ mi ń mi orí: obìnrin tó dàgbà tó mi, tó ń kí àgbà láti orí kẹ̀kẹ́! Akíni-Lókè ni wọ́n ń pè mí di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Orúkọ náà kò dára. Ṣùgbọ́n kò kan ẹja.