Fíríìsà Mẹ́ta ní Òpó Ìkẹyìn

Alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ìjẹ̀dẹ́ kórìíra mi, èmi náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà, ó sì fẹ́ so ẹ̀rọ mẹ́ta mọ́ tiransifọ́mà tí gbogbo wa ń lò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní fíríìsà ẹja mẹ́ta ní òpó ìkẹyìn lórí wáyà kan náà. Bí iná bá fẹ́ fìyà jẹ èèyàn, òpó ìkẹyìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

N kò lọ sí ilé ìwé kankan nítorí iná. Orí fóònù àti kọ̀ǹpútà àlòkù ni mo ti kọ́ ọ. Mo fi ẹsẹ̀ wọn òpó dé òpó, mo ka ilé, mo sì ní kí kọ̀ǹpútà bá mi wá ẹrù tó pọ̀ jù lọ tí wáyà náà lè gbé kí iná tó já. Á fi díẹ̀ kún ẹrù, á wò ó bóyá ìṣirò ṣì ní ìdáhùn. Bó bá ní, á tún fi kún un. Bí kò bá ní, á padà sẹ́yìn, á fi ìdajì ìyẹn gbìyànjú, títí yóò fi dúró sí etí ibi tí ìdáhùn ti tán. Àwọn tó ń wa yanrìn lórí ọ̀sà mọ ohun tí mò ń sọ. Bí wọ́n ṣe ń da yanrìn sí ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da garawa tó kẹ́yìn, omi á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Sitẹbiláísà ló ba tiwa jẹ́. Kò sí ilé tí kò ní in. Bí iná bá ṣe ń kéré sí i ni sitẹbiláísà ń fa iná sí i lórí wáyà, kí tẹlifíṣọ̀n olówó rẹ̀ má baà kú. Kálukú rò pé òun ń gba ara òun là, aládùúgbò rẹ̀ ló ń tì sí kòtò.

Mo sọ ọ́ nípàdé. Mo ní wáyà kò lè gbà ju ẹ̀rọ méjì lọ.

Alága rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, ẹnjiníà orí fóònù! Ṣé fóònù yẹn náà ló bí ọ?"

"Kò bí mi, bàbá, àmọ́ ó kọ́ mi ní ìṣirò. Ta ló kọ́ ẹ̀yin?"

"Ẹ mú aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí jókòó!"

Wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́jọ́ tí alága fẹ́ tan wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi ń lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Ó ní, "Bí iná bá ti rẹlẹ̀, pa fíríìsà. Má dúró wò ó."

"Ẹ má ṣèyọnu, àǹtí."

Mo ki mítà tó ń ka fólítì iná bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìsà, mo ṣí ìwé mi. Ẹ̀rọ kìíní: 196. Ìkejì: 174. Sitẹbiláísà ń ró kọ̀, kọ̀, nílé gbogbo. Ọwọ́ mi wà nítòsí súìṣì. Ṣùgbọ́n ìṣirò mi ní orí 149 ni iná máa já, mo sì fẹ́ fojú ara mi rí 149 yẹn, kí n lè kà á sí alága létí. Ó tan ìkẹta. 163. 158. Fíríìsà ń kérora, wọn ò lè yí mọ́. 152. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. N kò rí 149 rárá. Láti 151 ló já sí 90, gbogbo ẹ̀rọ àdúgbò sì dákẹ́. Òórùn wáyà jíjó ń jáde lẹ́yìn fíríìsà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, ó gbọ́ òórùn náà kó tó sọ ẹrù ẹja kalẹ̀. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá," ó ní. "Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lo fi ń wò ó bó ṣe ń jó."

Ó mú ìwé náà dání, ó kọjá lọ sẹ́yìnkùlé, níbi ààrò.

Alága dé ẹnu ọ̀nà, ó ń pariwo. "Ẹnu burúkú rẹ ló pa iná wa!"

"Ojúkòkòrò yín ló pa á! Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan!"

"Ó dáa. Ìwé ọ̀hún dà?"

Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé, òun náà tẹ̀ lé mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti to ẹja tútù sórí ààrò láti yan án. Ó ti fa ojú ìwé tí mo kọ nọ́ńbà sí ya, òun ló fi dáná.

"Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o fẹ́ iná," ó sọ fún mi. "Kò tíì ràn dáadáa."