Oṣù Tí N Kò Rí

Òórùn ẹran díndín ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà nílé wa ní Ìwó. Ẹ̀rù bà mí bó ṣe kàn mí nímú, nítorí èmi nìkan ló mọ̀ pé kò yẹ kí a dáná ọdún nílé wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, àwa ọmọdé gun àpáta ẹ̀yìn ilé-ìwé lọ wo oṣù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú ariwo tí a máa ń pa. Bàbá mi ti ṣèlérí fìlà tuntun fún ọmọ tó bá kọ́kọ́ rí i. Ìkùukùu bo ìwọ̀ oòrùn pátápátá. Mo wò ó títí ojú fi ń ta mí, ni mo bá figbe ta: "Mo rí i! Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná!"

Lèmọ́mù ní kò sí ẹlẹ́rìí kejì, kí ìlú gbààwẹ̀ kó pé ọgbọ̀n. Bàbá mi ní, "Ọmọ tèmi kì í purọ́." Wọ́n sì ní kí ilé wa múra ọdún.

Báyìí ni a tò lẹ́yìn wọn nínú aṣọ tuntun, a gba àárín ìlú tó ń gbààwẹ̀ kọjá. Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ dáwọ́ dúró. Ọ̀kan ní, "Bàbá Àlàbí, ṣé oṣù ti ilé yín yàtọ̀ ni?" Ewúrẹ́ mẹ́ta péré la bá ní yídì.

Bàbá mi wò mí. "Àlàbí, ṣé o rí oṣù yẹn?"

Mo ṣí fìlà tuntun tí wọ́n fún mi lórí, mo gbé e síwájú wọn.

Wọn kò nà mí. Ọ̀nà tí a gbà lọ náà la gbà padà, wọ́n sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: "Èmi ni mo ṣìnà. Ẹ má bínú." Wọn kò dárúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a délé ni wọ́n tó sọ pé, "Ojú ni ẹlẹ́rìí. Iṣẹ́ ojú ni ẹnu ń jẹ́."

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo ti lọ yunifásítì, mo ti darúgbó sí Peckham nílùú òyìnbó, ojú mi sì ti ń ṣe bàìbàì. Láìpẹ́ yìí, èmi àti Rukayat, ọmọ ọmọ mi, jọ wò ó lórí fóònù rẹ̀ bí wọ́n ṣe de ènìyàn mẹ́rin mọ́ àga nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì, tí iná sì gbé wọn lọ sí ilé tó ń yí ayé po lójú òfurufú. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó kọ ọjọ́ tí ilé náà bá kọjá lórí wa sílẹ̀ fún ilé-ìwé, kí ẹlòmíràn tó fojú ara rẹ̀ rí i sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Ẹtì ló gbọ́dọ̀ mú ìwé náà lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé a dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta fúláàtì wa. "Grandpa, ó ń ti apá àdúgbò Elephant bọ̀! Ṣé ẹ rí i?"

Iná bọ́ọ̀sì ni mo rí. Mo ní n kò rí i.

"Ah-ah, Grandpa! Ẹ kàn sign jàre. Who's gonna know?"

"Èmi á mọ̀."

Ó kùn wọlé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìkùukùu ni. Ní Ọjọ́rú, mo tún wò títí ọrùn fi ń dùn mí, n kò rí nǹkan kan. "Ọ̀la ló kù o," ni Rukayat wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo nu awò ojú mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo wọ kóòtù lé kóòtù. Rukayat na apá rẹ̀ lé èjìká mi. "Ẹ tẹ̀ lé ìka mi." Mo tẹ̀ lé e. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan yọ, kò ṣẹ́jú, kò yà bàrá, ó ń lọ ní tirẹ̀ sí ìhà Old Kent Road, pẹ̀lú àwọn ènìyàn inú rẹ̀.

"Mo rí i," ni mo wí. N kò pariwo.

Ọmọ orí àpáta yẹn ì bá ti fọwọ́ sí i láti ọjọ́ Ajé. Èmi fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin dúró nínú òtútù kí n tó gba kálámù. Mo kọ orúkọ mi, mo sì kọ ti bàbá mi tẹ̀ lé e.