Ẹsẹ̀ Tí Mo Gbé Kọjá Ààlè

Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Mo bọ́ bàtà òjò ẹsẹ̀ òsì mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ọjà-Ọ̀dàn, ẹ̀jẹ̀ tó ti ń gbẹ sì wà nínú rẹ̀. Kùkùté igi kan ti gún bàtà náà láti ìsàlẹ̀, ó sì ti wọ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ ọmọ-ìka tó kéré jù lọ. Mo ti fi ẹsẹ̀ yẹn rìn láti oko délé, bíi wákàtí kan, n kò sì mọ̀. Kò dùn mí rárá. Àìdùn yẹn ló yẹ kó bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni mo bẹ̀rù.

Ọdún tí ìjọba ti ẹnubodè pa ni. Àwọn ilé epo tó súnmọ́ ẹnubodè kò rí epo gbà mọ́, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà gbé ọ̀kadà wọn sílẹ̀, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń lọ oko. Oúnjẹ wọ́n, olè sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ oko. Ẹ̀gbọ́n mi Àkànní, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà, so ààlè sí ẹ̀bá iṣu rẹ̀. Àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín ni, àmì tí a fi ń kìlọ̀ pé ibi yóò bá ẹni tó bá jí nǹkan níbẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, mo gba àbùjá láàárín oko rẹ̀, mo sì gba abẹ́ ààlè náà kọjá.

Nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀, ààlè ni mo rántí. Díákónì ni mí nínú ìjọ wa, mo sì ti wàásù lórí ìbẹ̀rù oògùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ kan lè má tíì gbà á gbọ́.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ àwọn àgbàlagbà tí mo ń lọ, wọ́n kọ́ wa pé kí a ya ohun tí a rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a gbọ́. Ohun tí mo rí nìyí. Fún bí oṣù mẹ́fà ṣáájú, òùngbẹ ń gbẹ mí, mo ń tọ̀ léraléra, mo sì ń rù bí mo tilẹ̀ ń jẹun. Ẹsẹ̀ mi ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Èèrà gan-an sì ń ṣù sí ibi tí mo bá tọ̀ sí lẹ́yìn ilé. Ìyàwó mi rí wọn, ó sì fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn èèrà ti sọ mí di alájọjẹ wọn. A rẹ́rìn-ín. A kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo gbọ́ nìyí. Mo lọ bá wòlíì kan ní ìlú kejì. Ó gbàdúrà, ó sì ní ọfà ìbátan ni, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó bá mi jẹ orúkọ bàbá kan náà. N kò béèrè bí ó ṣe mọ̀. Ó ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, kí n máa fi òróró àdúrà pa egbò náà. Láti ọjọ́ náà, n kò kí Ẹ̀gbọ́n Àkànní mọ́. Bí mo bá rí i lọ́nà, mo máa ń yà.

Ní ọjọ́ karùn-ún ààwẹ̀, ìyàwó mi gbé omi gbígbóná àti iyọ̀ wá kí n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó bi mí bóyá omi náà gbóná jù. Mo ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Nígbà tí mo yọ ẹsẹ̀, awọ ti bó. Ìyàwó mi ti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú omi náà, ó sì fà á yọ kíákíá. Ó gbé omi náà dànù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ-ìka méjì dúdú, wọ́n sì ń rùn. Ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n Àkànní wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó ti gbọ́ ohun tí mo ń rò nípa rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ náà pẹ́.

Ó ní, “Wọ́n ní ààlè mi ló mú ọ. Kí lo jí?”

Mo ní n kò jí nǹkan kan.

“Bí o kò bá jalè, kí ni ààlè fẹ́ fi ọ́ ṣe? Olè ni ààlè ń mú. Èmi tí n kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ ìyẹn, ìwọ díákónì kò mọ̀ ọ́n.”

Ìyàwó mi yí ojú sí ògiri kí n má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Àkísà àti ìkarahun ni mo so, àbúrò. N kò pe ọfọ̀ kankan sí i. Ojú olè ni mo ṣe é fún. Bí ẹsẹ̀ bàbá ìyàwó mi ṣe rí nìyí kí wọ́n tó gé e, ṣúgà ni wọ́n sì pè é. Dìde ká lọ.”

Ó ní epo díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀kadà rẹ̀ ló fi gbé mi lọ sí Ìlaró. Àwọn ṣọ́jà àti kọ́sítọ̀ọ̀mù ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń tú ẹrù wò. Níbi àkọ́kọ́, ọ̀kan sún mọ́ wa, òórùn ẹsẹ̀ mi kàn án, ó sì juwọ́ kí a máa lọ. Ẹ̀gbọ́n ní òórùn yìí ni pásìpọ́ọ̀tù wa.

Ní ilé-ìwòsàn, wọ́n gún mi ní ìka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré kan, wọ́n sì sọ pé àtọ̀gbẹ ni. Dókítà ṣàlàyé pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi fún ìgbà pípẹ́, débi pé ó ń bá ìtọ̀ jáde, òun ni èèrà ń wá. Ó ti ba àwọn iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ jẹ́, ó sì ti jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ẹsẹ̀ dínkù, nítorí náà egbò kì í tètè jinná. Ó ní ààwẹ̀ àti omi gbígbóná bu kún un. Àwọn yóò gé ọmọ-ìka méjì náà. Bí dúdú náà bá ń gòkè, àwọn yóò gé ẹsẹ̀ lábẹ́ orúnkún.

Wọ́n gé ọmọ-ìka náà. Lẹ́yìn ìyẹn, a ń dúró wò bóyá dúdú náà yóò gòkè. Ní àràárọ̀, nọ́ọ̀sì á fún mi ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì, á sì tú báńdéèjì. N kò lè wo ẹsẹ̀, ojú nọ́ọ̀sì ni mo máa ń wò. Pásítọ̀ wa wá, ó sì gbàdúrà pẹ̀lú mi. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo lọ bá wòlíì. Ó ní Bíbélì kò sọ pé kò sí oṣó. Ó sọ pé kí a má ṣe bẹ̀rù wọn, kí a má sì lọ wádìí bí àwọn aláfọ̀ṣẹ ti ń wádìí. Mo rò ó lórí ibùsùn. Orúkọ ọ̀tá ni mo lọ béèrè, mo sì rí orúkọ gbà. Àfọ̀ṣẹ ni mo lọ ṣe, bí a tilẹ̀ fi orúkọ Jésù bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì, ó sì ní, “Bàbá, ẹ wò ó fúnra yín.” Ẹran ara tuntun ni, ó pọ́n. Wọn kò ní gé ẹsẹ̀ náà mọ́.

Nígbà tí mo padà sí ìjọ, wọ́n ní kí n jẹ́rìí. Àwọn kan retí ọfà àti ìbátan. Mo sọ pé àtọ̀gbẹ ni, pé mo fi ẹ̀sùn kan ẹni tó gbà mí là, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú wọn, bí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Wọ́n ṣe àmín. Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá a nílé, mo sì tún un sọ. Ó ní òun gbọ́, kí n jókòó jẹun, ṣùgbọ́n kí n má jẹ púpọ̀.

Ẹsẹ̀ òsì mi kò tíì mọ nǹkan lára dáadáa, ó sì lè má mọ̀ mọ́. Ojú ni mo fi ń ṣọ́ ọ ní àràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òkúta kékeré kan bọ́ sínú bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lójú ọ̀nà. Ó dùn mí. Mo dúró níbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìrora náà, kí n tó yọ òkúta náà.